Atẹ́gùn Inú Kànga Bàbá Oníkànga

Àkùkọ ilé kejì wa ní Ọ̀bà-Ilé, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan oorun, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń sùn nígbà tí mo jáde nílé lọ́jọ́ náà. Ó wù mí kí n ju òkúta sí i kí òun náà mọ bó ṣe máa ń rí lára, ṣùgbọ́n ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Oǹdó lẹ̀ ń lọ," ló wí, "ẹ ò lọ sí Jerúsálẹ́mù. Kí ni ti gbogbo ẹrù yìí?"

Ẹrù wo? Báàgì kan ni, àti agboòrùn, àti ẹ̀wù òtútù, àti kúlà omi. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún tó sì ń rìnrìn àjò láìmú ẹ̀wù òtútù dání, ẹ bá mi bi í bóyá orúnkún rẹ̀ gbọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ìrìn àjò wo ló wà láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó tí èèyàn á fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé? Àwọn aláta kan ń lọ wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wọn ò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ohun tí èèyàn bá gbé lọ́kàn ló ń sọ ọ̀nà di jíjìn, ohun tí mo gbé lọ́kàn lọ́jọ́ náà sì wúwo ju báàgì mi lọ. Wọ́n rán mi pé kí n lọ sọ fún àbúrò ìyá mi pé kànga ọkọ rẹ̀ ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá Oǹdó la máa ń pe àbúrò ìyá mi yìí nílé wa. Òkú Èkó ló ń tà, ẹja inú yìnyín, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, tíṣà ni. Nígbà tí bàbá náà kọ́ ilé wọn tán lórí àpáta kan lẹ́yìn ìlú, ó ní òun máa gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé. Wọ́n sọ fún un pé àpáta ni. Ó ní òun náà rí i pé àpáta ni. Ó gba àwọn tó ń fọ́ òkúta, wọ́n dáná sun ún, wọ́n fi òòlù lù ú, wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ́dọọdún bí owó oṣù bá ti fẹjú díẹ̀, títí ihò náà fi jìn débi pé tí o bá sọ òkúta sí i, wàá ti gbàgbé kó tó dún. Omi ò sí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kan. Bí ìlú ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Oníkànga nìyẹn. Tí òjò bá ń rọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa kígbe láti ìta pé, "Bàbá Oníkànga, ẹ ṣí ìdérí, ẹ gba tiyín!" Bàbá náà á rẹ́rìn-ín. Màmá kì í rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama ní Àkúrẹ́, Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkìtìpupa. Ó ti di ẹnjinníà báyìí, ó ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà ní Èkó. A pàdé níbi ìkómọjáde kan, ó ń ráhùn fún mi pé òun ń wá ihò jíjìn nínú àpáta líle, tí kò ní omi rárá. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì sọ ìtàn Bàbá Oníkànga fún un kó lè bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ mú mi lọ síbẹ̀ lọ́la."

Wọ́n fi irin tẹ́ inú kànga náà, wọ́n fi kọ̀ǹkéré dí i lẹ́nu, wọ́n to sólà sórí òrùlé Màmá, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń ki atẹ́gùn mọ́nú ihò náà. Àdéhùn wọn ni pé bí kànga bá lè di atẹ́gùn náà mú láti ìrọ̀lẹ́ dàárọ̀ láìjò, wọ́n á so ó mọ́ ilé ẹja Màmá, àwọn ẹlẹ́ja ò sì ní máa ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ó wá di pé kò dì í mú. Lójoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́ géèjì tó ń fi ìwọ̀n atẹ́gùn hàn ń wálẹ̀. Àwọn ọ̀gá Tọ́pẹ́ ní àpáta náà ti sán níbì kan, pé ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá tú ẹ̀rọ wọn lọ síbòmíràn.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi sọ fún Màmá, sà," ni Tọ́pẹ́ wí lórí fóònù. "Mo ti gbìyànjú. Bí mo bá ti ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ wá."

Kẹ̀kẹ́ ló gbé mi dé gáréèjì Oǹdó. Tọ́pẹ́ ti ń dúró dè mí níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo awakọ̀, orí mi wú. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lowó ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Alága, ní tí mo bá fẹ́ dá jókòó níwájú, kí n san owó ẹni méjì. Mo wo ìdí mi, mo wo ìjókòó náà, mo sì san án. Tọ́pẹ́ wọ ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ti sùn kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.

Ilẹ̀ mọ́ wa lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí mọ̀ pé bí èèyàn bá ti kúrò ní Àkúrẹ́ díẹ̀, igbó á bẹ̀rẹ̀ sí í ká mọ́ títì, kòkó ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, kòkó tún ni. Níbi tí ọ̀dà bá ti dára, wọ́n á sá kòkó sí etí rẹ̀. Níbi tí kò bá dára, Alága á yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni tó ń yẹra fún onígbèsè rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ibi tí a ń lọ fún un, nítorí pé n kì í lè dákẹ́ níwájú ọkọ̀.

"Ẹ ní wọ́n ń tọ́jú kí ni?" ni Alága bi mí.

"Atẹ́gùn."

"Nínú ilẹ̀?"

"Nínú àpáta."

Ó wo ojú mi, ó wo ọ̀nà, ó tún wo ojú mi. "Bùọ̀dá, ṣé èyí tó wà níta yìí ti tán ni?"

Ẹ̀yìn ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹni tó ń sùn. Mo ní, "Alága, nígbà tí fọkanáísà bá ń fẹ́ taya yín, níbo ni atẹ́gùn ti ń jáde?"

"Nínú sìlíńdà rẹ̀ ni."

"Bí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá wá kú lójijì ńkọ́, tí epo tán?"

"Á ṣì rí taya méjì mẹ́ta fẹ́. Èyí tó ti wà nínú sìlíńdà kò lọ síbì kankan."

"Ó tán. Agbára tí ẹ̀ńjìnnì yẹn ti lò ló sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ wá sọ sìlíńdà yẹn di ńlá, kí ẹ rì í mọ́ inú àpáta kó má baà bẹ́. Ẹ yọ epo kúrò, kí ẹ fi oòrùn dípò. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa ki atẹ́gùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá lọ sùn, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn á máa sáré jáde, á máa yí àgbá kẹ̀kẹ́ kan, àgbá á máa mú iná wá."

Ìyá onítòmátì ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Kí ló dé tí wọn ò ra bátìrì? Bátìrì la rà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa."

Tọ́pẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, àwọn ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gúnni lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ kó dùn wá. "Bátìrì yẹn ńkọ́ báyìí, mà?"

"Ó ti kú. A fi í ti ilẹ̀kùn ilé àlùfáà."

"Àpáta kì í kú, mà."

"Kì í kú lóòótọ́," ni Alága wí, "àmọ́ ṣé kì í jò? Taya mi yìí, tuntun ni mo rà á, ó ń jò. Èèyàn mélòó ni kì í jò?"

Mo gbọ́ bí Tọ́pẹ́ ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. A ò tún sọ̀rọ̀ atẹ́gùn mọ́.

Ní Ọ̀wẹ́nà, a sọ̀ kalẹ̀ ra bọ̀ọ̀lì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ tóbi ju ti Àkúrẹ́ lọ, n kò sì ní purọ́ nítorí ìlú mi. Ẹgbẹ̀rin náírà ni ẹyọ kan pẹ̀lú ẹ̀pà nínú bébà, obìnrin tó ń sun ún sì fi ọ̀bẹ pín in sí wẹ́wẹ́ fún mi bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ jòjòló. Tọ́pẹ́ kò jẹ tirẹ̀. Ó dì í mọ́wọ́ títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró.

Mo bi í pé, "Kí ni wọ́n á ṣe sí ọ tí wọ́n bá tú u?"

"Èmi kọ́, sà. Wọ́n á rán mi lọ síbòmíràn, ó parí." Ó wo ìta. "Màmá ni mo ń rò. Àwọn àti àwọn ẹlẹ́ja tó kù ló gbé kọ̀ǹkéré yẹn lórí. Tí a bá tú u, ìlú á tún padà bẹ̀rẹ̀."

Ó mọ irú ẹ̀rín tí yóò padà bẹ̀rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì wọ Oǹdó rí, tí ẹ kàn máa ń kọjá lọ sí Èkó: ìlú náà máa ń kí èèyàn jinlẹ̀. Ní tiwa ní Àkúrẹ́, bí àlejò bá dé, a ó gbé omi fún un, a ó ní kó sọ ohun tó gbé e wá. Ní Oǹdó, bóyá ìdílé ìyá mi nìkan ni o, ohun tó gbé ọ wá ló máa ń gbẹ̀yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè gbogbo ẹni tó ń mí nílé rẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á fún ọ ní ohun kan. Dandan ni kí nǹkan ilé wọn kàn ọ́ lára kí o tó la ẹnu. Bí o bá kọ̀ ọ́, ìwọ lo fẹ́ jà.

Kí n tó rí ẹnu ọ̀nà Màmá Oǹdó ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. "Akin! Ọmọ Àkúrẹ́! Ṣé ìwọ nìkan lo jẹ gbogbo uyán tó wà níbẹ̀ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ, ó sì ní kí n dìde kí n má fọ́ sí òun lọ́wọ́. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ rùn fún ẹja bó ṣe máa ń rùn láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ajá wa tó ti kú, mo ní ó wà dáadáa.

Tọ́pẹ́ kí i tán, ó bá lọ tààrà sí yàrá kékeré iwájú ilé níbi tí géèjì wà. Ojú tó fi wò mí bó ṣe ń lọ ń sọ pé, ẹ sọ ọ́ báyìí, sà.

"Màmá," ni mo bẹ̀rẹ̀, "ohun tó gbé wa wá..."

"Kí ló ń lé ọ? O ò tíì jókòó, ohun kan ò tíì kàn ọ́ lára, o fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ní Àkúrẹ́ ni? Máa bọ̀."

Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Kànga náà ló wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ti di pẹpẹ kọ̀ǹkéré ńlá kan pẹ̀lú irin àti páìpù. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi rẹ̀ ti ń dán lójú jíjókòó. Obìnrin kan ti wà lórí rẹ̀, Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wọn tó ń rán aṣọ, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. Ó sún fún mi. Oòrùn ti mú, mo ti ń làágùn. Màmá tẹ̀ mọ́ ẹnu-ẹ̀rọ kékeré kan lára páìpù náà, ó yí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n wá ọ̀rọ̀. Atẹ́gùn náà tú jáde sí mi lójú, ó tutù bí àárọ̀ ọyẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn oṣù Kejìlá. Òógùn mi gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dijú. Mo gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ti ń ronú pé kí n ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn Tọ́pẹ́ láti iwájú ilé.

"Sà! Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ o! Ó ń wálẹ̀!"

Mo lajú.

"Dáadáa ni?" ni Màmá bi mí.

"Ó dára púpọ̀, mà," ni mo wí, ọkàn mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ àtijọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í ná."

Ó tì í.

"Ó ti dúró!" ni Tọ́pẹ́ kígbe.

"Ẹ ṣí i díẹ̀."

"Ó tún ń lọ, sà! Àpáta yìí máa pa mí!"

Ìyá Ṣadé ò fẹ́ ara rẹ̀ mọ́. Màmá ń wò mí pẹ̀lú ọwọ́ lórí ẹnu-ẹ̀rọ. Mo pe Tọ́pẹ́ pé kó máa bọ̀ lẹ́yìn. Ó yọ ní igun ilé, ó rí bẹ́ǹṣì, ó rí Ìyá Ṣadé, ó rí èmi tí irun orí mi dúró lọ́nà kan bí ẹni tó gun ọ̀kadà, ó rí ọwọ́ Màmá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe?"

"Àlejò dé, mò ń ṣe é lálejò."

"Omi ìrì tó ń sun sínú páìpù ni mo ní kẹ́ ẹ máa fi èyí tú láràárọ̀!"

"Mo ń tú u láràárọ̀."

"Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mà!"

"Kí ni mò ń ṣí i jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Mo ní láti kọjú sí ògiri. Ìyá Ṣadé, tí ìbẹ̀rù ti mú, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní àwọn kì í pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni mẹ́rin márùn-ún péré tí ooru alẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan ni àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ máa ń yà.

"Ọjọ́ Àìkú!" ni Tọ́pẹ́ wí. Ó jókòó sórí ilẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú ló máa ń burú jù. A ti kọ̀wé sí Èkó pé ooru oòrùn ọ̀sán ló ń la àpáta."

Ìgbà náà ni mo jíṣẹ́ mi, nítorí kò sí bí n ṣe lè máa dá a dúró mọ́. Mo sọ fún Màmá pé ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lọ́la láti wá tú ohun gbogbo, pé àwọn tó wà ní Èkó gbàgbọ́ pé kànga náà ń jò.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà kò tutù.

"Atẹ́gùn lẹ pè é fún mi," ló wí. "Ta ló ń fi atẹ́gùn du ẹlòmíì?" Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ náà. "Ọdún wo ni wọn ò ti pe ọkọ mi ní Oníkànga? Kò sẹ́ni tó mu ẹ̀kán kan níbẹ̀ rí. Wọ́n á wá, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Nígbà tí nǹkan wá wà níbẹ̀ nígbẹ̀yìn, tí wọ́n wá, tí ojú wọn tutù, tí wọ́n ń dúpẹ́, kí n wá ní kí wọ́n máa lọ?"

Ìyá Ṣadé ń wo ilẹ̀. Ó dájú pé òun náà ti rẹ́rìn-ín nígbà kan rí. Ta ni kò rẹ́rìn-ín? Èmi gan-an rẹ́rìn-ín níbi ìkómọjáde.

Tọ́pẹ́ fẹ́ sọ nǹkan nípa agbára àti ìwọ̀n, mo fi ojú dá a lẹ́kun. Mo jókòó ti Màmá. Mo ní, "Màmá, bí àlejò bá dé nígbà tí iṣu ti tán lóko, tó ku ẹbu tí a fẹ́ gbìn nìkan, ṣé ẹ máa ń gún un fún un?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹni tó gún ẹbu jẹ ti gún ọdún tó ń bọ̀."

"Àlejò yẹn ń bínú ni?"

"Bó bá jẹ́ ọmọ ẹni tó ní oko, kò ní bínú. Á mọ̀ pé..." Ó dúró. Ó wo kànga náà fúngbà pípẹ́. Ó wá wo Tọ́pẹ́, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀. "Ẹbu ló wà níbẹ̀, tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ̀ ń pè é ní atẹ́gùn, atẹ́gùn!" Ó dìde, ó dojú kọ ọgbà aládùúgbò, ó kígbe lókè ohùn, "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá ń bọ̀ wá gbatẹ́gùn lónìí, kó jókòó sílé rẹ̀ o! Ẹbu ni o!"

Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń ki oòrùn mọ́nú àpáta. Màmá tú gèlè orí rẹ̀, ó dì í mọ́ ẹnu-ẹ̀rọ náà ní kókó méjì. Ẹni méjì wá, ó fún wọn ní omi tútù àti orí ẹja, ó sì sin wọ́n jáde. Mo rí i pé ó nira fún un. Bí ẹnì kan bá ti yí kọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ á ṣe bí ẹni fẹ́ lọ sídìí páìpù, á padà. Oòrùn wọ̀. Tọ́pẹ́ pa ẹ̀rọ, ó fi ẹfun fa ìlà tín-ín-rín sórí gíláàsì géèjì níbi tí abẹ́rẹ́ dúró sí. A jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja títọ́ọ̀sì, jẹnẹrétọ̀ ilé ẹja ń hó bí ìgbà gbogbo, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú wa. Ó ṣọ̀wọ́n kí n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nídìí iyán.

Nígbà tí mo jí, àwọn méjèèjì ti wà ní yàrá géèjì. Mo na ọrùn láàárín wọn. Abẹ́rẹ́ náà wà lórí ìlà ẹfun. Tọ́pẹ́ fi ìka kan gíláàsì náà, bí a ti máa ń ṣe tí a kò bá gba ohun tí a rí gbọ́. Kò mì. Màmá náà kàn án. Èmi náà kàn án. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé èèyàn lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó máa wo ohun tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé kí a tó jẹun òwúrọ̀. Ọ̀gá tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ti rìn láti Èkó ní òru, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó kí Màmá dáadáa, ó ní ó dun òun pé ọ̀rọ̀ rí báyìí. Ó tọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó rí bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́.

"Màmá," ló wí, "àwọn òṣìṣẹ́ wa ní ẹ máa ń fún àwọn ní atẹ́gùn tútù kan níbí. Ẹ fún èmi náà díẹ̀, kí a tó tú u."

Tọ́pẹ́ wò mí, èmi náà wo Màmá. Bí Màmá bá ṣí i, abẹ́rẹ́ á kúrò lórí ìlà kí ọ̀gá tó rí i. Bí kò bá sì ṣí i, ọkùnrin tó mú ọ̀rọ̀ ilé ẹja lọ́wọ́ ló fi nǹkan dù yẹn.

Màmá dúró níwájú gèlè tó dì mọ́ páìpù.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ ti rìn, ẹ sì káàbọ̀. Omi tútù wà. Ẹja wà. Mo lè gún iyán báyìí bí ẹ bá ní kí n gún un. Àmọ́ èyí, ẹbu ni. N kò lè fún yín."

Ọ̀gá náà kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú ojú rẹ̀. "Ẹbu?"

"Ẹ lọ wò ó ní yàrá iwájú," ni Tọ́pẹ́ wí. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó."

Ó lọ. A gbọ́ bó ṣe ń fi ìka kan gíláàsì. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó padà wá, Tọ́pẹ́ sọ ohun gbogbo fún un, látorí omi inú páìpù dórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ọkùnrin náà tẹ́tí títí ó fi parí, ó wo bẹ́ǹṣì tó ti dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ni àwọn ti wá nínú àpáta, ṣùgbọ́n àwọn kò ronú láti wá ìwà ọmọlúàbí níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n so ó mọ́ ilé ẹja.

Awakọ̀ akẹ́rù nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. "Láti Èkó!" ló ń wí. "Kí ni mo wá gbé?" Màmá gbé iyán fún un, ó dákẹ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Mo ti gbọ́ ariwo rẹ̀ láti àná débi pé nígbà tó dákẹ́, mo rò pé etí mi ló di. Tọ́pẹ́ ṣí ẹnu ńlá kànga náà, àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan, iná ilé ẹja tàn. Atẹ́gùn tó ti ṣiṣẹ́ tán kò sì lọ lásán, wọ́n ti darí rẹ̀ gba páìpù gbàgà kan wọ inú ilé ẹja, òtútù lórí òtútù. Àwọn ẹlẹ́ja pé sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá arúgbó kan, ní, "Kànga Bàbá Oníkànga mà ti sọ̀rọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá sìn mí dé ojú títì. Ó di ẹja mélòó kan sínú ọ̀rá fún mi, èyí tí wọ́n kó sínú ilé ẹja láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọkọ rẹ̀ fún un, bí àwa tá a kàwé ṣe máa ń yin òkú, ó já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Má parọ́ mọ́ ọn," ló wí. "Omi ló ń wá. Kò kàn mọ ohun tó ń gbẹ́ ni."

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà kò ní awakọ̀ tó ń béèrè ọ̀rọ̀, mo sì sùn láti Bọ́lọ́rundúró dé Àkúrẹ́, nítorí náà ẹ má béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ mi. Tọ́pẹ́ kò tẹ̀ lé mi, ó ní ó di ọjọ́ mélòó kan. Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí mo wọ Ọ̀bà-Ilé.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju kékeré lọ. A mọ bí a ṣe ń tọ́jú iṣu, a mọ bí a ṣe ń tọ́jú obì, gbogbo wọn la sì mọ èyí tí a lè fi ṣe àlejò àti èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn. Agbára oòrùn jẹ́ àlejò tuntun lábà wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun tọ́jú rẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tó máa jókòó sí láàárín àwọn nǹkan tí a ti mọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi inú rere jẹ ẹ́ tán.

Ìyàwó mi gba ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Ó gbé ẹja kan lé orí pátákó, ó gbé ọ̀bẹ sí i, ọ̀bẹ yọ̀ dànù. Ó tún gbé e. Ó fi èékánná kàn án, ó dún bí òkúta.

"Yìnyín wo ni wọ́n fi dì í báyìí?" ló bi mí. "Láti Oǹdó, nínú ọkọ̀, nínú ooru yìí?"

"Kì í ṣe yìnyín," ni mo wí. "Oòrùn ọ̀sán àná ni."

Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wò mí. Ó gbé ẹja náà sínú àwo, ó ní a ó dúró kó yọ́, pé kò sí oúnjẹ mìíràn nílé. Ebi ń pa mí gan-an. Mo fa àga mi sídìí àwo náà, mo sì jókòó pẹ̀lú ìdùnnú, mo ń wò ó pé kò tètè yọ́.